Mi ò gun ẹṣin yẹn rí

Lẹ́yìn tí a ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ fún ìyá mi, tí àlejò tú ká, oorun kọ̀ mí sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá pè, "A dúpẹ́" ni mo ń dá wọn lóhùn. Ẹnì kan ṣoṣo tí mi ò rí irọ́ pa fún ni ẹṣin bàbá kan ládùúgbò wa.

Ìlọrin là ń gbé, ẹṣin kì í ṣe tuntun lójú wa. Ọ̀pọ̀ agbo ilé ló ń sìn ín, tí wọ́n á dì í ní gàárì aláràbarà lọ́jọ́ Durbar, ayẹyẹ àwọn ẹlẹ́ṣin, lẹ́yìn Iléyá. Bàbá yìí so tirẹ̀, akọ pupa tí iwájú orí rẹ̀ funfun, mọ́ ìdí máńgòrò. Ó rí mi tí mò ń rìn kiri lẹ́yìn àsúbà, ó ní, "Ọmọ mi, bá mi gbé omi fún un." Mo gbé garawa, mo já lọ bá a. Ẹṣin tẹ etí méjèèjì sẹ́yìn, ó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín: "Ara rẹ ò balẹ̀, ó ti mọ̀. Dúró, mí ná."

Ẹran tí ẹranko búburú ń pa jẹ látayébáyé ni ẹṣin, ìṣọ́ra ló fi ń gbé. Bí èjìká yín bá le, bí ẹ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ti rí i. Ẹ má gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé: kò rí ẹni tó wà níbẹ̀, ìpá rẹ̀ sì ń fọ́ eegun. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ èjìká, kó máa gbọ́ ohùn yín.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá mú àtẹ́lẹwọ́ mi, ó fi sẹ́yìn ìgúnpá ẹsẹ̀ òsì iwájú ẹṣin náà. Ọkàn rẹ̀ ń lù níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Mo fi fóònù wọn ìṣẹ́jú kan: 36. Tèèyàn tó jókòó jẹ́ẹ́ kì í sábà dín ní 60. Kí n tó kà á tán, mímí tèmi náà ti lọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì ni mo tó sunkún. Mò ń ha ẹrọ̀fọ̀ kúrò nínú pátákò rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí itan mi, mo bá rántí ẹsẹ̀ ìyá mi tí mo máa ń fi òróró pa ní ọsibítù. Mo sunkún títí. Ẹṣin náà ò sọ fún mi pé kí n ṣe ọkàn akin. Ó rọ ètè ìsàlẹ̀, ó ń tòògbé.

Nítorí náà, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹ̀yin náà, tí ẹ fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹṣin, ẹ má kánjú gùn ún. Àwọn ẹlẹ́ṣin etí òkun l'Ékòó á fẹ́ gbé yín gùn kíá, owó ni tiwọn. Ẹ ní búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ máa fi gbọn ara ẹṣin lẹ fẹ́. Bí egbò gàárì bá wà lẹ́yìn ẹṣin náà, ẹ wá ibòmíràn. Èmi lọ rí dókítà pẹ̀lú o. Oògùn ṣe tirẹ̀, máńgòrò ṣe tirẹ̀.

Ìyàwó mi ní òórùn ẹṣin ò lè kúrò lára ṣòkòtò kan báyìí mọ́. Ó ti gbé e síta, ó ní kí n máa wọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀ nìkan.