Ìdí tí aboyún fi sá fún abẹ́rẹ́ kòrónà

Ọjọ́rú ni ọjọ́ aboyún ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn. Gbogbo wọn ló ká apá aṣọ sókè fún abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì lónìí, kò sẹ́ni tó janpata. Ìyá wọn gbà á, ẹ̀gbọ́n wọn gbà á, wọ́n mọ̀ pé òun ni kì í jẹ́ kí ọmọ tuntun gan. Ọkàn mi ṣáà ń lọ sí ọdún 2021, nígbà tó jẹ́ pé bí mo bá ti dárúkọ abẹ́rẹ́ kòrónà, wọ́n á fọwọ́ bo ikùn.

Àwọn kan nínú àwa òṣìṣẹ́ ìlera ní olóríkunkun ni wọ́n. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń fi píìnì há aṣọ, tí kì í rìn lọ́sàn-án gangan nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣé òun náà ló máa sáré gba ohun tí wọn ò tíì dán wò lára aboyún? Òótọ́ sì ni, wọ́n yọ aboyún sílẹ̀ nínú àwọn ìdánwò ńlá ọdún 2020. Ẹ̀rù thalidomide kò tíì tán nílẹ̀: oògùn oorun tí wọ́n ń tà ní Jámánì láti 1957, táwọn aboyún ń lò sí èébì, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sì tìtorí rẹ̀ wá sáyé láìní apá tàbí ẹsẹ̀ tó pé, kí wọ́n tó kó o kúrò lórí igbá ní 1961.

Abẹ́rẹ́ náà dé Nàìjíríà ní oṣù Kẹta 2021. Ní oṣù Kẹrin, ìjọba Bìrìtìkó ní kí aboyún máa gba ti Pfizer tàbí Moderna. Ó di oṣù Kẹjọ kí CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, tó sọ ọ́ gbangba pé kí gbogbo aboyún gbà á. Irọ́ orí WhatsApp ti dá àwọn aboyún lóhùn ṣáájú: wọ́n ní ó ń sọni di àgàn, irin ń lẹ̀ mọ́ apá ẹni tó bá gbà á.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ìkéde NHS, àjọ ìlera ìjọba ní England, ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Nínú àwọn tí kòrónà dá wó ní England láti oṣù Keje, débi pé ẹ̀rọ ECMO ló ń bá ẹ̀dọ̀fóró wọn ṣiṣẹ́, ẹnì kan nínú márùn-ún ló jẹ́ aboyún tí kò gba abẹ́rẹ́ rárá.

Ọ̀kan nínú àwọn tèmi bi mí pé, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, kí ló máa dé ọ̀dọ̀ ọmọ?" Mo ní kò sí kòkòrò kòrónà alààyè nínú rẹ̀, ọmọ ogun tí ara ìyá bá kó jọ ló ń gba ibi ọmọ kọjá sára ọmọ, ó sì tún ń bá omi ọmú lọ. Ó ní òun máa bá ìyá ọkọ òun sọ ọ́. Màmá náà tẹ̀ lé e wá, wọ́n béèrè tiwọn títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n tó ní kí ìyàwó àwọn na apá.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ìdáhùn tó dúró lórí ìwádìí. Oṣù Kejì 2021 ni Pfizer ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lára aboyún, abẹ́rẹ́ ti jáde ṣáájú ìyẹn. Bí àjàkálẹ̀ mìíràn bá dé, kí wọ́n má ṣe fi aboyún tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn mọ́.