Àlùbọ́sà mi tó fẹ́ rìn

Obìnrin kan níbi iṣẹ́ mi ló kó mi sí i. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ó gbé àpò bébà kékeré kan ka orí tábìlì mi, ó ní kí n gbà, pé ẹ̀bùn ni. Mo yọjú wo inú rẹ̀. Hóró àlùbọ́sà 12 ni mo bá níbẹ̀, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju ẹ̀pà tí wọn ò tíì pa lọ, awọ wọn pọ́n bí obì. Méjì ti ń yọ ewé tín-ín-rín nínú àpò níbẹ̀. Mo ní kí lèyí máa jọ nínú ọbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní gbígbìn ni kí n gbìn ín, pé àlùbọ́sà yẹn máa ń rìn.

Ẹ gbọ́ mi o. Ó ní ó máa ń rìn.

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní tó bá di ọdún kejì, á yọ ọ̀pá oníhò kan láàárín ewé rẹ̀, ṣùgbọ́n dípò kó tanná kó sì so èso bí àlùbọ́sà gidi, ọmọ ló máa bí sórí ọ̀pá yẹn, àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ bíi márùn-ún, bíi mẹ́wàá, tí wọ́n dì mọ́ra lókè. Tí ọmọ bá wá wúwo jù, ọ̀pá á tẹ̀, á wó, orí rẹ̀ á kanlẹ̀ níwájú, bíi ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ làwọn ọmọ á ti ta gbòǹgbò. Tó bá yá, àwọn náà á bí tiwọn, wọ́n á tún wó síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi bọ́ sóko olóko. Àlùbọ́sà Íjíbítì làwọn òyìnbó ń pè é, àmọ́ àdàlù ni: àlùbọ́sà tí gbogbo wa mọ̀ àti irú kan tí àwọn ará Ṣáínà ń gbìn torí ewé ló jọ bí i.

Bowie, ní ìpínlẹ̀ Maryland, là ń gbé. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa amọ̀ ni, tó bá rin, ẹ lè fi mọ ìkòkò. Mo gbẹ́ ẹ, mo po ilẹ̀dú mọ́ ọn, mo ri àwọn hóró náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì gbàgbé wọn. Yìnyín bò wọ́n nígbà òtútù, mo rò pé wọ́n ti kú. Nígbà tó di oṣù Kẹta, kí koríko tó jí rárá, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ yọjú. Lọ́dún 2022 yẹn, ewé lásán ni, mo ń gé e sínú ẹyin díndín, ó sì ta sánsán.

Àṣìṣe mi ni pé mo fọ́nnu. Mo kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí pé lọ́dún tó ń bọ̀, àlùbọ́sà mi máa rìn. Ẹ̀gbọ́n mi kan l'Ábẹ́òkúta fèsì pé tó bá ti mọ̀ ọ́n rìn, kó kúkú máa bọ̀ nílé, torí owó àlùbọ́sà ti le. Àbúrò bàbá mi ní ta ló máa ṣe físà fún un.

Ọdún 2023 dé, ọ̀pá yọ. Ọ̀pá 14! Ní oṣù Kẹfà, orí wọn ti wú, àwọn ọmọ ti ń yọ jáde nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni tó fẹ́ bọ́ṣọ. Ọ̀kan tilẹ̀ wà nínú wọn, ọmọ tó wà lórí rẹ̀ tún yọ ọ̀pá kékeré tiẹ̀, ó tún bí ọmọ sórí ìyẹn. Ìyá, ọmọ, ọmọ-ọmọ, gbogbo wọn lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Mo ń fi rúlà wọ̀n wọ́n láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ìyàwó mi, tí oyún inú rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ nígbà náà, ní òun ò rí i kí n wọn ikùn òun lẹ́ẹ̀kan.

Ìparí oṣù yẹn ni Màámi dé láti Ìbàdàn, wọ́n wá múra de ọmọ tí wọ́n máa wẹ̀.

Ọdún 21 ni Màámi fi ta ata àti àlùbọ́sà ní ọjà Bódìjà, kò sì sí ohun tí wọn kì í kà. Àwọn ni wọ́n jẹ́ ká mọ̀ pé àtẹ̀gùn ilé wa 13 ni. Nígbà tí wọ́n tú ìlédìí ọmọ tí a rà, wọ́n kà á, ó dín ẹyọ kan sí iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀, Màámi sì ní ká gbé e padà lọ fún ẹni tó tà á. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n dúró ti ebè mi.

"Àkànní, ta ló gbin èyí?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ó ti bàjẹ́."

Mo ní kò bàjẹ́, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀pá, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọmọ, mo ní Íjíbítì ni wọ́n fi ń pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

"Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì sunkún àlùbọ́sà Íjíbítì nínú aginjù. Kì í ṣe irú èyí ni wọ́n ń sunkún sí. O ní ó ń rìn. Ó ń lọ síbo?"

"Kò lọ síbì kankan, Màámi. Ó kàn máa ń rìn ni."

"Hẹn-ẹn. Bíi bàbá rẹ."

Ọmọ dé láyọ̀, kò sẹ́ni tó tún ráyè àlùbọ́sà fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì. Nígbà tí mo fi padà dé ìdí ebè ní ìparí oṣù Keje, ọ̀pá mẹ́ta ti tẹ̀, orí ọ̀kan kò ju ìka mẹ́ta lọ sí ilẹ̀ mọ́. Mo pe ìyàwó mi wá wò ó lójú fèrèsé. Mo ní ó pẹ́ tán, ọ̀la, á kanlẹ̀. Mo tilẹ̀ ti ń ro bí màá ṣe ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹ́yà orí WhatsApp. Lọ́jọ́ kejì mo gba ibi iṣẹ́ lọ.

Láti inú gáréèjì ni òórùn ọbẹ̀ ti pàdé mi nírọ̀lẹ́. Inú mi dùn. Mo wọlé, mo bá Màámi nídìí tábìlì ìdáná, ojú wọn pọ́n, imú wọn ń ṣomi, abọ́ omi kan wà níwájú wọn, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́. Hóró kan báyìí wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá wọn. Wọ́n fi èékánná họ awọ rẹ̀ níbi ìdí, awọ náà já, kò ṣí. Wọ́n fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tọ́ ọ, ó yọ̀ bọ́ sábẹ́ àga. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú un, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́. Ohun tó wá ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n bó o tán kò ju ẹ̀wà méjì lọ.

Ara mi ti sọ fún mi. Mo sáré dé ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀pá 14, wọ́n ti gé gbogbo wọn lọ́rùn, ó tẹ́jú gbọọrọ bí ìgbà tí onígbàjámọ̀ bá ṣiṣẹ́.

"Àlùbọ́sà tó bá ti yọ ọ̀pá, kò sí nǹkan kan nídìí ẹ̀ mọ́," ni Màámi wí. "Òfò ni mo gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Hóró 97 ni. Mo ti bó 36. Ojú mi ò gbà á mọ́."

"Àwọn tó kù ńkọ́, Màámi?"

"Màá dà wọ́n nù. Kí ni wọ́n tó?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìyá tó gba òfuurufú wá wẹ ọmọ mi. Mo jókòó, mo jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀ ọdún méjì. Mo fi ìbànújẹ́ jẹ ẹ́. Mo tún bù sí i.

Kí òtútù tó dé ni Màámi padà sílé, ọ̀rọ̀ náà sì ṣe bí ẹni parí síbẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìyàwó mi ké láti òkè: "Dádì, ta ló ń dín ata láago mẹ́jọ àárọ̀?" Kò sẹ́ni tó ń dín nǹkan kan. Èmi náà fa imú. Òórùn àlùbọ́sà ti gba gbogbo àdúgbò. Mo jáde síta, mo rí bàbá òyìnbó tí ilé wọn ti tiwa, wọ́n ti pa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko, wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n ń yẹ abẹ́ rẹ̀ wò bíi mẹkáníìkì. Kò sí ọgbà láàárín ilé wa méjèèjì, koríko wọn ló pàdé tiwa. Bàbá fa nǹkan tútù kan yọ nílẹ̀, wọ́n gbé e wá bá mi, wọ́n ní ṣé mo mọ ohun tí èyí jẹ́.

Mo mọ̀ ọ́n. Ewé oníhò, ìdí pípọ́n bí obì.

Bàbá kò bínú, àmọ́ ajá wọn ló ń dùn wọ́n. Ajá kan wà tó ti darúgbó, ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, imú rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀, àlùbọ́sà sì rèé, májèlé ni fún ajá, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló máa ń bàjẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n, mo wọlé lọ mú sukurudíráfà, mo kúnlẹ̀ sórí koríko ẹni ẹlẹ́ni pẹ̀lú ṣòkòtò tí mo fi sùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í hú u.

Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tiwa. Ọ̀kan níbí. Ìṣísẹ̀ kan síwájú, òmíràn. Ìṣísẹ̀ kan sí i, méjì. Mo ń tẹ̀ lé e bí ọdẹ tó ń tọpa ẹran: ó gba ẹ̀gbẹ́ gáréèjì, ó yà sọ́dọ̀ bàbá òyìnbó, ó yí igi wọn po, ó tún padà wá sílé wa. Ibi igi yẹn ni ọpọlọ mi ti ṣí. Mo mọ ọ̀nà yìí. Ọ̀nà tí Màámi máa ń gbà nírọ̀lẹ́ ni, tí wọ́n bá pọn ọmọ pé kó sùn.

Mo pè wọ́n lórí fídíò, amọ̀ ṣì wà ní èékánná mi.

"Màámi, àwọn àlùbọ́sà ọjọ́sí, ibo lẹ dà wọ́n sí?"

"Àwọn wẹ́wẹ́ yẹn? Mo máa ń fọ́n wọn bí mo bá pọn ọmọ, pé kí ẹyẹ rí nǹkan jẹ. Kí ló ṣe é?"

"Wọ́n ti hù. Wọ́n ti dé ilé onílé."

Màámi sún mọ́ fóònù, àfi iwájú orí wọn nìkan ni mo ń rí.

"Ó wá rìn lóòótọ́?"

Mi ò dáhùn.

"Mélòó lo hú?"

"43, Màámi."

"61 ni mo fọ́n. Ó ku 18. Ṣé o ti wo ìdí ilé ajá yẹn?"