Ẹyọ kan ò tó: ohun tí ojú mi rí ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn

Ibà abẹ́rẹ́ ni mo sá fún, mi ò ní parọ́. Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo gbé e lọ gba àjẹsára pẹ́ńtà, èyí tó ń dènà àrùn márùn-ún, tí dìfitéríà, àrùn ọ̀fun tó lè pa ọmọ, wà lára wọn. Lóru ọjọ́ náà ara ọmọ gbóná, itan rẹ̀ le, ó sunkún débi pé ìyá onílé wá kanlẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá tó yẹ ká padà kọjá, ti ìkẹrìnlá náà kọjá. Mo ti káàdì bọ abẹ́ ẹní. Ẹyọ kan ṣáà ti wọlé, àbí?

Ní 2023 tí rédíò ń pariwo pé dìfitéríà ń pa ọmọdé ní Kánò, èmi ń rò ó pé Kánò jìnnà sí Bẹẹrẹ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọmọ ayálégbé kan nínú ilé wa. Bẹ́lúbẹ́lú ni gbogbo wa pè é. Wọ́n fún un lágbo. Ẹnìkan tilẹ̀ ní òun mọ bàbá tó ń gé e. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọrùn ọmọ ti wú bá àgbọ̀n dọ́gba, itọ́ ò ṣeé gbé mì mọ́. Ìyá rẹ̀ ní kí n bá òun tan iná fóònù sí i lẹ́nu. Ohun tí mo rí dà bí eérú tí wọ́n fomi pò, tí wọ́n wá rẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀fun. Ọ̀kadà la gùn dé ọsibítù.

Dókítà ní dìfitéríà ni, a sì ṣeun tí a ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ha ohun tó rẹ́ mọ́ ọ̀fun náà, ẹ̀jẹ̀ ni ì bá máa dà. Kòkòrò yẹn máa ń tú májèlé sínú ara, ó sì lè ba ọkàn jẹ́. Àjẹsára ló ń kọ́ ara láti bá májèlé náà jà, ẹ̀kọ́ ọ̀hún kì í sì í wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ọlọ́run yọ ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n bèèrè káàdì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó wolẹ̀. Èmi náà wolẹ̀.

Àwọn elétò ìlera wá sílé wa, wọ́n fún wa lóògùn, wọ́n ní ká kó káàdì jáde. Nínú ọmọ mẹ́jọ, ti mẹ́ta péré ló pé. Bálùwẹ̀ kan ni gbogbo wa ń lò o! Bí ẹnìkan bá wúkọ́, gbogbo ilé ló kàn.

Mo rò pé nọ́ọ̀sì máa nà mí lẹ́gba ọ̀rọ̀ tí mo bá padà lọ. Ó kàn ní, "Ìyá ọmọ, ibi tí ẹ dúró sí náà la ó ti tẹ̀ síwájú." Wọn ò bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wọn ò sì gba kọ́bọ̀. Ibà tún dé lóru, mo fi aṣọ tútù nù ún, mo fún un lọ́mú; ilẹ̀ mọ́, ó ti ń rẹ́rìn-ín.

Bí káàdì yín bá ti sọnù, ẹ ṣì lọ. Ìyá kan wà lẹ́yìn mi lórí ìlà lọ́jọ́ náà tí kò mú nǹkan kan dání ju ọmọ lọ. Wọ́n kọ tuntun fún un.