Koríko onígun mẹ́ta

Òjò alẹ́ àná ti mú ilẹ̀ rọ̀ n'Íbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ hú koríko burúkú inú kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì, àárọ̀ yìí ni kó ṣe é.

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ẹ fi ìka yí ọ̀pá rẹ̀ wò: igun mẹ́ta ló ní. Ìbátan òfio ni. Tẹ́ ẹ bá kàn fà á, ewé nìkan lẹ rí. Kóró dúdú kéékèèké ti kù sínú ilẹ̀, yóò sì tún hù. Ẹ ki ṣọ́bìrì kékeré wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ gbé e tòun terùpẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣa kóró rẹ̀ tán. Ẹ má dà á sórí ààtàn o, ibẹ̀ náà ló máa hù sí.

Glyphosate, oògùn apakoríko tí wọ́n ń tà lọ́jà, kì í ṣa èyí tó máa pa. Ó ń pa kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì pọ̀ mọ́ ọn. Búrọ́ṣì lẹ máa fi kùn ún sí ewé èpò náà nìkan.

Tí kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì fúnra rẹ̀ bá ń gbẹ lábàwọ́n-lábàwọ́n, ẹ po ọṣẹ ìfọbọ́ olómi ṣíbí ńlá méjì mọ́ omi lítà mẹ́rin, kẹ́ ẹ dà á síbẹ̀. Tó bá jẹ́ kòkòrò ajewé ni, wọ́n á jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí kòkòrò kankan ò bá jáde, ẹ wò ó bóyá omi tàbí ikán ló fà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa ń gé e mọ́lẹ̀ bí orí ọmọ tuntun, ẹ̀yin lẹ ń ṣílẹ̀kùn fún èpò. Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀.