Ọdún 2024, èmi àti àdìrẹ mi

Kí ọdún yìí tó parí, mo fẹ́ sọ bó ṣe rí fún èmi aláàdìrẹ, ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta.

Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ ni ọjà wa ti le. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó sódà tí a fi ń ṣe aró wá, bí dọ́là bá sì ti ń gòkè ni owó rẹ̀ ń gòkè. Aṣọ tẹ́rù, ìyẹn aṣọ funfun tí a ń pa láró, náà wọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ wa gan-an ni wọ́n ti ń ta aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, iṣẹ́ ọnà àwọn ìyá wa ló wà lára rẹ̀, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á, àdìrẹ sì ni wọ́n ń pè é.

Bọ̀dá mi ní àwọn á fún mi lówó kí n lọ kó ti Ṣáínà yẹn. Màmá wa gbè wọ́n lẹ́yìn: "Ta ni yóò san owó ilé-ìwé àwọn àbúrò rẹ?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. 70,000 náírà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 pé kó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù, òun ni ọkọ mi ń gbà, kò sì lè ra odidi àpò ìrẹsì kan lọ́dún 2024 yìí. Ìfẹ́ ni wọ́n fi bá mi sọ ọ́. Ká ní ọ̀tá ni wọ́n ni, ǹ bá ti dáhùn kíá.

Mo kọ̀. Àwọn oníbàárà mi máa ń béèrè pé, "Ìyá, ṣé ọwọ́ yín lẹ fi ṣe é?" Mi ò lè wo ojú wọn kí n parọ́.

Tí mo bá ń ya ọnà tí à ń pè ní Ìbàdàndùn sára aṣọ, ẹ̀kọ láfún tí kì í jẹ́ kí aró wọlé ni mo ń lò, ìyẹ́ adìẹ ni mo sì fi ń yà á: òpó gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn, ṣíbí láàárín, òpó mìíràn. Bó bá gbẹ, ó di inú aró. A ó yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, a ó tún rì í, títí yóò fi dúdú dáadáa. Lẹ́yìn náà la ó ha ẹ̀kọ kúrò. Bí iṣẹ́ ọnà náà ṣe ń yọ ṣì máa ń mú inú mi dùn. Màmá wa ló kọ́ mi, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wọn fi wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí ìpinnu yìí, mi ò lè ra aṣọ ẹbí nígbà ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì yọwọ́ nínú àjọ. Àwọn kan nínú ẹbí ní mo gbéraga.

Bọ̀dá mi ò tíì tújú ká sí mi. Màá lọ kí wọn kú ọdún, màá gbé owó ilé-ìwé tí mo rí kó jọ fún wọn, bí kò tilẹ̀ pé. Tí wọ́n bá tún dá ọ̀rọ̀ Ṣáínà sílẹ̀, màá tún sọ fún wọn pé mi ò ní tà á.