Ẹsẹ̀ kan ló ń dún

Ọjọ́rú, alẹ́. Kò síná. Mo jẹ ẹ̀bà, mo dùbúlẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ò jẹ́ n sùn.

Níwájú ṣúmékà mi ní Mọ́kọ́lá ni. Gìgísẹ̀ bàtà dúdú mi ti jẹ dé ibi ìṣó. Bí mo bá ń kọjá níbi iṣẹ́, kálukú á gbórí sókè. Mo ní kó bá mi kan rọ́bà sí i kó lè dákẹ́. Ó ti kan tọ̀tún tán, ó ń wá ìṣó tòsì, ni ìyá kan tó jókòó ti sálúbàtà rẹ̀ tó já bá rẹ́rìn-ín: "Má pa á lẹ́nu mọ́ jàre. Ìwé tó kà ló ń dún yẹn."

Ìwé tí mo kà.

Ṣé àdúrà ni àbí yẹ̀yẹ́? Kò wojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Orin jẹ́léósinmi yẹn ló ní lọ́kàn, mo mọ̀: bàtà mi á dún kò kò kà, bí mo bá kàwé mi. Mo kọ ọ́ títí ohùn mi fi há. Mo sì kàwé náà, dìgírì méjì. Bàtà ń dún lóòótọ́, àmọ́ ìṣó ló ń... ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ owó oṣù sílẹ̀ lónìí, mo ti ṣèlérí.

Ẹ̀rín wá pa mí lórí ibùsùn. "Kò kà" mà ló wà nínú orin yẹn! Bàtà ọ̀hún ti ń tú wa fó láti kékeré.

Carl Perkins, olórin Amẹ́ríkà kan, ò fìwé kún ọ̀rọ̀ bàtà tiẹ̀. Ọmọ àwọn tó ń dáko òwú lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní Tennessee ni. Lọ́dún 1955, ó gbọ́ tí ọmọkùnrin kan ń kìlọ̀ fún ọmọbìnrin tó ń bá jó pé kó má tẹ bàtà òun. Wọ́n ní òru ọjọ́ yẹn ló kọ orin "Blue Suede Shoes" sára àpò bébà tí wọ́n fi di ànàmọ́. Nígbà tó di March 1956, ó ń lọ sí New York láti kọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ọkọ̀ rẹ̀ ní ìjàǹbá. Kó tó gbádùn, Elvis Presley ti kọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹlòmíì ló wọ bàtà náà jáde. Ìyẹn yé mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣùgbọ́n bóyá dídún kọ́ ni gbogbo ẹ̀. Orin Paul Simon, olórin Amẹ́ríkà míì, ti 1986, ti obìnrin tó ní dáyámọ́ǹdì lábẹ́ bàtà, àwọn Ladysmith Black Mambazo, ẹgbẹ́ akọrin South Africa ti Joseph Shabalala, ló bá a kọ ọ́. Isicathamiya ni wọ́n ń pe irú orin tiwọn, inú yíyọ́ ẹsẹ̀ rìn ni orúkọ náà sì ti wá. Àwọn òṣìṣẹ́ tó filé sílẹ̀ wá iṣẹ́ lọ ní South Africa ló ń jó o nínú hósítẹ́ẹ̀lì wọn, wọ́n ní wọ́n ń yọ́ ẹsẹ̀ kí ẹ̀ṣọ́ má baà gbọ́. Dáyámọ́ǹdì lábẹ́ bàtà, ẹsẹ̀ tí kò gbọdọ̀ dún ló gbé e lórin.

Nítorí náà, rọ́bà ò burú. Àbí ó burú? Fẹlá ti fi àwa tá a ń wọ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ nínú oòrùn yìí ṣẹ̀fẹ̀ nínú "Gentleman" láti 1973. Bó bá rí mi ní Mọ́kọ́lá lónìí...

Mo ní kí ṣúmékà fi tòsì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹsẹ̀ kan, àǹtí?"

Ẹsẹ̀ kan. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Owó ẹsẹ̀ méjèèjì ló sì gbà.

Mo ń lọ wọ takisí Máíkírà: kò... kò... Mo bojú wẹ̀yìn bóyá ìyá yẹn ń gbọ́. Ó ti ń bá ṣúmékà ná owó sálúbàtà rẹ̀.