Kàkò àti obìnrin tó dì mọ́ ọn

Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí bàbá mi àgbà ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún wa, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn n'Íléṣà. Ọdún 1938 ni ìwé Fágúnwà yìí ti jáde, ẹ̀yìn tiwọn sì ti ya. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí Àkàrà-ògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn náà, ti lọ pe Kàkò Oníkùmọ̀ Ẹkùn kó bá òun lọ sí Òkè Láńgbòdó, àwa ọmọdé pariwo ayọ̀. Ta ni kò fẹ́ irú alágbára bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn?

Kò pẹ́ ni obìnrin Kàkò dì mọ́ ọn, ó ní kò gbọdọ̀ fi òun sílẹ̀. Kàkò yọ àdá, ó ṣá a pa. Ìrìn-àjò sì ń lọ.

Kì í ṣe Kàkò nìkan ni mo ń bá wí. Àkàrà-ògùn mọ̀, òun náà ló ròyìn rẹ̀ fún wa. Síbẹ̀ kò ní kí Kàkò padà sílé, torí kùmọ̀ yẹn yóò wúlò nínú igbó. Mo fẹ́ràn ìwé yìí ju ìwé Yorùbá mìíràn lọ, ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi ń dùn mí.

Mo bi bàbá àgbà lálẹ́ ọjọ́ náà pé, "Bàbá, ta ló sin ín?" Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọn ò dáhùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kà á fún ọmọbìnrin mi. Ó ní kí n dúró ná, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan náà.